Ẹni Tó Ṣubú Nínú Ìgbàgbọ́: Ṣé Oore-ọ̀fẹ́ Ṣì Wà Fún Un?

  

Lọ́jọ́ Àìkú tí a ṣe ìpàdé oṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí a ti ka àkọsílẹ̀ tán, tí a sì ti gba owó oṣù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde. Ó ní òun ní ìbéèrè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, bí èèyàn bá ti gba Jésù gbọ́, tó ti di àtúnbí, tó wá ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, bí olè jíjà tàbí àgbèrè, ṣé ó ṣì wà nínú ìgbàlà, àbí orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé?"

Ilé dàrú. Ará wa kan tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi ní ẹni tí Ọlọ́run bá ti gbà, ó ti gbà á tán. Ìyá kan tó ń lọ sí ìjọ tí wọ́n ti ń wàásù ìwà mímọ́ gidigidi fò dìde, wọ́n ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn èèyàn máa dẹ́ṣẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n sì máa kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi. Alhaji tó dàgbà jù láàárín wa kàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin Kristẹni nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi mọ̀ ni pé àánú Ọlọ́run pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé, kó kọ́kọ́ lọ fa ewúrẹ́ náà lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ná." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a gbàdúrà, a túká.

Mo ṣèlérí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé màá dá a lóhùn lórí ojú ìwé yìí. N kì í ṣe pásítọ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, òwò ni mo sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì tó àkókò kí n sọ ọ́ jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iná ọjà

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílùú yìí kò ní gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2002, nígbà tí ọjà ńlá Jos tó wà ní Terminus jóná. Rògbòdìyàn oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 kò tíì kúrò lójú wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ara wọn jọ ni, kí iná tó wá gba èyí tó kù.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ìjọ wa nígbà náà tí wọ́n ń ta aṣọ nínú ọjà yẹn. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni wọ́n ní. Kò sí ìgàn aṣọ kan tó jáde. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ni akápò owó ìkọ́lé ìjọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà wà lọ́wọ́ wọn tó yẹ kí wọ́n ti kó lọ sí báǹkì. Nígbà tí ọwọ́ ṣófo tí ebi sì dé, wọ́n mú owó náà, wọ́n lọ fi ra aṣọ ní Kantin Kwari ní Kano. Èrò wọn ni pé kó tó di ìkórè, àwọn yóò ti dá a padà. Ọjà kò tà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ béèrè owó, wọ́n ní ó jóná mọ́ ọjà. A gbà wọ́n gbọ́. Àwọn kan tilẹ̀ bá wọn sunkún.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ẹ̀gbọ́n tó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ lóru. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ni àwọn pa, owó kò jóná, àwọn ló ná an, àwọn kò sì rí oorun sùn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí ẹni tó ká wọn mọ́. Fúnra wọn ni wọ́n wá.

Ìjọ ṣe ohun tó yẹ kí ìjọ ṣe. A gba ipò akápò lọ́wọ́ wọn. A ní kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n má jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì máa san owó náà díẹ̀díẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé nígbà yẹn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ lẹ́tà ìbáwí náà. Ẹ̀gbọ́n gbà á, wọ́n sì dúpẹ́.

Oṣù mẹ́fà pé. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Wọ́n ti gbé pásítọ̀ wa lọ sí ibòmíràn, ẹni tuntun tó dé kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, èmi tó yẹ kí n rán wọn létí sì ń sáré owó tèmi kiri. Ọdún kan kọjá, ẹ̀gbọ́n ṣì wà lẹ́yìn. Ó di ọjọ́ kan tí oníwàásù àlejò kan gun orí àga ìwàásù, tó ń sọ̀rọ̀ akápò tó jẹ owó Ọlọ́run. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo orí ló yí padà wo ẹ̀yìn. Ó ní orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti kúrò nínú ìwé ìyè. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kò wá mọ́.

Ní ọdún 2006, àìsàn dá wọn gúnlẹ̀. Mo lọ kí wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ tí o kọ lẹ́tà yẹn, ṣé orúkọ mi ṣì wà lọ́run?" Kí ni mo dáhùn? Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ara yín á yá." Mo fi ọ̀rọ̀ ara yíyá bo ọ̀rọ̀ ọkàn mọ́lẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi papò dà.

Nígbà tí wọ́n kú, àwọn àgbà ìjọ jókòó ní pálọ̀ wọn gan-an, wọ́n ń jiyàn bóyá ìjọ lè sin wọ́n tàbí kò lè sin wọ́n. Àwọn kan ní ẹni tó kú sábẹ́ ìbáwí kì í ṣe tiwa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìwé kékeré kan jáde, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò. Ẹ̀gbọ́n ti kọ gbogbo owó tí wọ́n san sínú rẹ̀: ẹgbẹ̀rún kan lónìí, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́la, títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó kú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà péré ló kù. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìjọ sin wọ́n.

Ṣùgbọ́n àkọ́bí wọn, tó wà ní iléèwé girama nígbà náà, jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn yẹn. Láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìjọsìn mọ́. Ó ti di baálé ilé báyìí.

Kí ni Bíbélì sọ?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́: oore tí a fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́, bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀gá lè dá owó rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í ṣe owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, báwo ni iṣẹ́ búburú ọjọ́ kan ṣe lè sọ ọ́ di àìsí? Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Éfésù, nínú orí kejì, pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Kò tíì mí tó fi sọ pé iṣẹ́ rere ni Ọlọ́run dá wa sí. Nínú ìwé Róòmù orí kẹfà, ó béèrè bóyá kí a máa dẹ́ṣẹ̀ lọ kí oore-ọ̀fẹ́ lè máa pọ̀ sí i, ó sì fi ìbínú dáhùn pé rárá. Lọ́fẹ̀ẹ́ kò túmọ̀ sí pé kò níye lórí. Omi òjò, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú wa ń rí nígbà tí kò bá rọ̀.

Ẹ wo Dáfídì. Ó gba ìyàwó Ùríà, ó sì ṣètò bí wọ́n ṣe pa Ùríà lójú ogun. Nígbà tí wòlíì Nátánì bá a wí, kò wá àwáwí, ó jẹ́wọ́. Nátánì sọ fún un pé Ọlọ́run ti mú ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò. Síbẹ̀ ọmọ tó bí nínú ọ̀rọ̀ náà kú, idà kò sì kúrò nílé rẹ̀. Ìdáríjì wà, ẹ̀san ilé ayé náà wà. Méjèèjì kì í pa ara wọn.

Ẹ wo Pétérù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sẹ́ Olúwa rẹ̀ nídìí iná tí wọ́n ń yá. Lẹ́yìn àjíǹde, nídìí iná èédú mìíràn létí òkun, Jésù bi í léèrè nígbà mẹ́ta bóyá ó fẹ́ràn òun. Iye ìgbà tó sẹ́ Ẹ, iye ìgbà náà ni Jésù fún un láyè láti jẹ́wọ́ ìfẹ́. Ẹ kíyè sí i pé Jésù kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó mú un padà síbi tó ti ṣubú, Ó sì gbé e dìde níbẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tí àwọn oníwàásù kì í sábà kà dé òpin. Ní ìjọ Kọ́ríńtì, ọkùnrin kan ń bá ìyàwó bàbá rẹ̀ lò pọ̀. Nínú ìwé kìíní, orí karùn-ún, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn le, ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù sọ ìdí rẹ̀: kí ẹ̀mí ọkùnrin náà lè rí ìgbàlà ní ìkẹyìn. Nínú ìwé kejì, orí kejì, ó tún kọ̀wé nípa ẹnì kan tí ìjọ ti bá wí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì sì gbà pé ọkùnrin yìí kan náà ni. Ó ní ìyà náà tó. Ó ní kí wọ́n dárí jì í, kí wọ́n tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ àpọ̀jù má bàa gbé e mì. Ẹ̀yin ará, orí karùn-ún ti ìwé kìíní ni a ṣe fún ẹ̀gbọ́n wa. A kò ṣí ìwé kejì rárá.

Kì í ṣe òní ni àríyànjiyàn yìí bẹ̀rẹ̀

Kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn má rò pé àwa ló kọ́kọ́ jà sí i. Ní ọdún 250, Késárì Decius ti ilẹ̀ Róòmù pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà ìjọba, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ Kristẹni rúbọ nítorí ìbẹ̀rù. Àwọn mìíràn fi owó ra ìwé ẹ̀rí láìrúbọ. Nígbà tí ogun rọ̀, wọ́n ń sunkún padà wá sí ìjọ. Ní Róòmù, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Novatian ní ìjọ kò gbọ́dọ̀ gbà wọ́n mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ní Carthage, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí, bíṣọ́ọ̀bù Cyprian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní ọdún 251. Wọ́n ní kì í ṣe pé kí a ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, kì í sì ṣe pé kí a tì í pa. Kí a yẹ ọ̀rọ̀ kálukú wò, kí ẹni tó rúbọ ronú pìwà dà pẹ́ ju ẹni tó kàn ra ìwé lọ. Cyprian fúnra rẹ̀ ti sá pamọ́ nígbà inúnibíni náà, àwọn kan sì fi ń bú u. Nígbà tí òmíràn dé, kò sá mọ́. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ọdún 258.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa nípàdé náà ní orírun tirẹ̀. Ní ọdún 1618 sí 1619, àwọn olórí ìjọ pàdé ní ìlú Dort ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tí Ọlọ́run yàn ní tòótọ́ lè ṣubú, àní ìṣubú ńlá, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó ṣègbé. Ọ̀pọ̀ Onítẹ̀bọmi ló ń rìn ní ọ̀nà tó súnmọ́ èyí. John Wesley, baba àwọn Mẹ́tọ́díìsì, kọ́ni pé onígbàgbọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ìgbàlà nù. Ó tọ́ka sí Hébérù orí kẹfà àti ìkẹwàá, níbi tí ìkìlọ̀ ti le gan-an. Thomas Birch Freeman mú ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì dé Badagry ní ọdún 1842. Thomas Jefferson Bowen ti àwọn Onítẹ̀bọmi dé ibẹ̀ ní ọdún 1850. Àwọn oníṣòwò wa, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi káàkiri ilẹ̀ Òkè Ọya. Nígbà tí W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1973, èyí tó di Deeper Life, ìwà mímọ́ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Àwọn ará wa Kátólíìkì ní tiwọn ń lọ jẹ́wọ́ níwájú àlùfáà.

Mo ti jókòó ti gbogbo wọn, mo sì ti gbọ́ tẹnu wọn. Onítẹ̀bọmi ní ẹni tó jẹ́ ti Ọlọ́run yóò padà. Ìjọ ìwà mímọ́ ní ẹni tó bá padà, Ọlọ́run yóò gbà á. Ẹ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ pípadà ni wọ́n jọ ń sọ. Júdásì àti Pétérù jọ ṣẹ̀ ní òru kan náà. Àwọn méjèèjì ló kábàámọ̀. Júdásì lọ sídìí okùn, Pétérù dúró títí Olúwa fi dé. Ìyàtọ̀ wọn nìyẹn.

Nítorí náà, èsì mi fún ọ̀dọ́mọkùnrin wa nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, oore-ọ̀fẹ́ wà fún onígbàgbọ́ tó ṣubú. Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áńbọ̀sì èèyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú yàtọ̀ sí ẹni tó tẹ́ ẹní síbi tó ṣubú sí, tó ní ibẹ̀ ni ilé òun. Ẹni tó ń fi oore-ọ̀fẹ́ bo àlè mọ́lẹ̀, tó ń fi í bo owó ìjọ mọ́lẹ̀, tí kò sì ní in lọ́kàn láti yí padà, kí ẹnikẹ́ni má tàn án. Ananíà àti Sàfírà wà nínú ìwé. Ẹni tó ń padà bọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Sákéù kò kọrin. Ó ní ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ewúrẹ́ tí Alhaji sọ nìyẹn. Ìwé kékeré tí ẹ̀gbọ́n wa fi sílẹ̀ náà nìyẹn.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Níbi tí a wà yìí, ìjọ ni ẹbí wa. Ẹni tó wà nílé, bí ìjọ bá lé e, á sá lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀. Àwa ńkọ́? Bí ìjọ bá kẹ̀yìn sí ọmọ àjò, ta ló kù? Nítorí náà mo ń bẹ gbogbo ìjọ wa ní ohun mẹ́ta.

Èkíní, owó ìjọ kò gbọ́dọ̀ sùn sílé ẹnì kan ṣoṣo. Kí ẹni méjì jọ kà á, kí ó dé báǹkì lọ́jọ́ kejì. Àwa la gbé ìdánwò sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n.

Èkejì, lẹ́tà ìbáwí tí kò bá ní ọjọ́ tí yóò parí àti orúkọ àgbà tí yóò máa bẹ ẹni náà wò lóṣooṣù, kí akọ̀wé má fọwọ́ sí i. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọ̀tún nìkan ni a lò.

Ẹ̀kẹta, kí a yé wàásù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ lórí àga, kí a sì yé jókòó sílé olóòkú ṣe ìdájọ́ òkú níwájú ọmọ rẹ̀. Ọ̀run kò fi ìwé orúkọ sí wa lọ́wọ́.

Ìwọ tí o ti ṣubú, tí o sì ń ka èyí níkọ̀kọ̀, má dúró dìgbà tí wọ́n bá ká ọ mọ́. Wá àgbà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í jò, jẹ́wọ́ fún un, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè rẹ, bó jẹ́ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.

Ní tèmi, lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo lọ bá àkọ́bí ẹ̀gbọ́n nílé rẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ló yẹ kí n pe bàbá rẹ̀ padà, n kò sì pè wọ́n. Mo sọ fún un pé ìbéèrè tí bàbá rẹ̀ bi mí lórí àìsàn, mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ báyìí: ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lóru, tó ń san owó títí dé ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ kú, oore-ọ̀fẹ́ kò fi í sílẹ̀. Àwa la fi wọ́n sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní òun ti gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún mi. N kò bi í bóyá yóò wá sí ìjọ. Ìyẹn kọ́ ni mo wá ṣe.

Kí Olúwa gbé gbogbo ẹni tó ṣubú dìde, kó sì fún àwa tí a rò pé a dúró ní ojú àánú. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.